Ẹni Tó Ń Bọ̀ Lẹ́yìn Ló Ni Iná Ẹ̀yìn Alùpùpù

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra iná LED tuntun sí ẹ̀yìn alùpùpù, ẹwà ló kọ́kọ́ ń wò, mi ò sì bá wọn wí. Iná tó bá ọ̀pọ̀ máṣíìnì wá láti ilé iṣẹ́ máa ń yọ gọngọ síta lẹ́yìn mọ́gáàdì, nígbà tí LED tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń wọnú ìdí máṣíìnì rẹ́gí. Èmi náà fẹ́ràn bó ṣe ń rí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá gbé máṣíìnì rẹ̀ wá pé ká jọ pààrọ̀ iná ẹ̀yìn: ìwọ tó ń gùn ún kọ́ lo máa rí i nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń rí tẹni. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, tí ẹ ò mọ̀ rí, tó lè jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ẹ́, tó lè jẹ́ pé òjò ń lu gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀, òun ló ni iná yẹn. Òun ló yẹ ká máa rò nígbà tá a bá ń rà á, tá a bá ń so wáyà rẹ̀, àti nígbà tá a bá ń dán an wò.

Tí mo bá sì fi ojú ẹni ẹ̀yìn yẹn wò ó, ìdí gidi wà tí LED fi dáa. Gílóòbù àtijọ́ tó wọ́pọ̀ jù lẹ́yìn alùpùpù ni P21/5W; ẹbí rẹ̀ ni 1157 tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò. Okùn irin tín-ín-rín méjì ló wà nínú gílóòbù yìí. Ọ̀kan ń jẹ wáàtì 5, òun ló ń tàn ní gbogbo ìgbà tí iná bá wà ní títàn. Èkejì ń jẹ wáàtì 21, òun ló ń tàn nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Okùn náà gbọ́dọ̀ gbóná kó tó mọ́lẹ̀, ìgbóná yẹn sì ń gba àkókò: ó tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan kí iná bíréèkì tó mọ́lẹ̀ dé góńgó. LED kì í dúró de ìgbóná. Bí iná bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ báyìí, ó ti tàn.

Ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, ó lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń gba ohun tó ju mítà 27 lọ kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ẹ pín ìyẹn sọ́nà márùn-ún, ó ju mítà 5 lọ. Alùpùpù méjì tó tò tẹ̀ lé ara wọn kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ibi tí ọkọ̀ ẹ̀yìn yẹn ti rìn dé nígbà tí okùn irin ṣì ń gbóná nìyẹn, ẹsẹ̀ awakọ̀ náà kò sì tíì kúrò lórí tọ́tù rárá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ jókòó ṣírò rẹ̀ ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ LED kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí.

Ti gbígbọ̀n tún wà níbẹ̀. Máṣíìnì tó ní sìlíńdà kan ṣoṣo máa ń gbọ̀n láti orí dé ìdí, ìdí gan-an ló sì máa ń gbọ̀n jù torí pé ibẹ̀ ni mọ́gáàdì ti nà jáde tí kò sí nǹkan kan tó dì í mú. Okùn irin tó ti gbóná kì í fara da irú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Á já, ẹni tó ń gùn ún kò sì ní mọ̀, torí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà. LED kò ní okùn tó lè já.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ rèé. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iná tó bá mọ́lẹ̀ jù ló dáa jù. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo tẹ̀ lé alùpùpù kan tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n fòò, tó ń gún mi lójú láti òkèèrè. Mo ń tẹ̀ lé e lọ, àfi bí mo ṣe rí i pé àlàfo tó wà láàárín wa ti ń tán. Ẹni náà ti tẹ bíréèkì. Iná rẹ̀ ti yí padà lóòótọ́, ó ti mọ́lẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kéré débi pé ojú mi kò gbé e. Iná kékeré rẹ̀, èyí tó ń tàn ní gbogbo ìgbà, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́lẹ̀ tó iná bíréèkì fúnra rẹ̀, nítorí náà kò ku ohun tó fẹ́ fi sọ fún mi pé òun ń dúró. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò lára iná tuntun ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì. Òfin ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní FMVSS 108 kò fi èyí ṣeré: níbi tí iná bíréèkì àti iná kékeré bá ti wà nínú ilé kan náà, iná bíréèkì gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ tó ìlọ́po márùn-ún iná kékeré, ó kéré tán, ní àárín gbùngbùn rẹ̀. Inú LED púpọ̀, àwọn ẹ̀yà iná kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Wọ́n kàn ń dín agbára wọn kù fún iná kékeré ni. Bí ẹni tó ṣe é kò bá dín in kù tó, ohun tí mo rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn lẹ̀yin náà máa rí.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí iná náà wò tọ̀tún tòsì. Ẹ wá àmì tó fi hàn pé wọ́n ti dán an wò. Èyí tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù máa ń ní lẹ́tà E nínú òbìrípo pẹ̀lú nọ́ńbà orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i: 1 ni Jámánì, 2 ni Faransé, 3 ni Ítálì, 4 ni Nẹ́dálándì. Èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà máa ń ní SAE tàbí DOT lára. Àmì nìkan kò sọ iná di rere, torí ẹni tó fẹ́ ṣe jìbìtì lè tẹ ohunkóhun sára rọ́bà, ṣùgbọ́n èyí tí kò ní rárá, mi ò ní í fi owó mi rà á. Ẹ wò ó bóyá ó ní iná funfun nísàlẹ̀ tó ń tàn sí pléètì nọ́ńbà. Àwọn tí wọ́n pa ojú wọn dúdú bí èéfín, èmi ò fẹ́ràn wọn. Ojú dúdú yẹn ń gbé lára ìmọ́lẹ̀ tí ẹ sanwó fún mì, ọ̀sán gangan tí oòrùn ń tàn sí i ló sì máa ń gbé e mì jù.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí: àwo pupa tó ń dá ìmọ́lẹ̀ ọlọ́kọ̀ padà. Ọ̀pọ̀ iná tó bá máṣíìnì wá ló ní in nínú, ṣùgbọ́n kò sí nínú ọ̀pọ̀ LED tuntun. Àwo yẹn kò nílò wáyà, kò nílò bátìrì. Bí máṣíìnì bá kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lóru tí gbogbo iná rẹ̀ kú, òun nìkan ló kù tó lè sọ fún ọlọ́kọ̀ tó ń bọ̀ pé nǹkan wà níbí. Bí iná tuntun yín kò bá ní in, ẹ ra ọ̀kan lọ́tọ̀ kí ẹ dè é mọ́ abẹ́ pléètì nọ́ńbà. Kò wọ́n, kò sì ba ẹwà kankan jẹ́.

Ní ti àwọn iná tí wọ́n ti kó tràfíkétọ̀ ọ̀tún àti òsì pọ̀ mọ́ iná ẹ̀yìn nínú ilé kan ṣoṣo, ọkàn mi kì í balẹ̀ sí wọn. Ẹ dúró ní ìwọ̀n àádọ́ta ìṣísẹ̀ sẹ́yìn irú máṣíìnì bẹ́ẹ̀, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì kó tún tan tràfíkétọ̀ òsì. Ohun tí ẹ máa rí ni pupa kan tó ní àwọ̀ ọsàn díẹ̀ tó ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀. Òsì ni tàbí ọ̀tún, ẹ ò ní mọ̀. Ìdí nìyẹn tí FMVSS 108 fi ní kí àárín tràfíkétọ̀ ẹ̀yìn méjèèjì jìnnà síra tó íǹṣì 9, tí òfin àjọ UN tí wọ́n ń pè ní R53 náà sì béèrè mìlímítà 180 láàárín etí inú wọn. Bí ẹ bá ti ra irú iná yẹn, ẹ jẹ́ kí tràfíkétọ̀ àtijọ́ wà níbi tó wà kó máa bá a ṣiṣẹ́ lọ.

Ó wá ku wáyà.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ tú orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Lẹ́yìn náà, ẹ tú iná àtijọ́, ẹ kó síkúrúù àti wọ́ṣà rọ́bà rẹ̀ sójú kan, torí wọ́ṣà rọ́bà yẹn kì í ṣe fún ẹwà: òun ló ń gba gbígbọ̀n kí ó má baà dé ara iná. Wáyà mẹ́ta ni ẹ máa bá níbẹ̀. Ọ̀kan ni áàtì, èyí tó ń padà lọ sí orí nẹ́gẹ́tíìfù. Ọ̀kan ń gbé iná kékeré, ìkẹta ń gbé iná bíréèkì. Lára ọ̀pọ̀ Honda, áàtì máa ń jẹ́ àwọ̀ ewé, iná kékeré á jẹ́ búráwùn, bíréèkì á jẹ́ àwọ̀ ewé tó ní ìlà yẹ́lò. Lára ọ̀pọ̀ Yamaha, áàtì dúdú ni, iná kékeré búlúù, bíréèkì yẹ́lò. Ẹ rí i pé àwọ̀ ewé kò sọ ohun kan náà níbi gbogbo. Iná tuntun tí ẹ rà tún ní àwọ̀ tirẹ̀: dúdú sábà máa ń jẹ́ áàtì, ṣùgbọ́n pupa lè jẹ́ bíréèkì lára ọ̀kan kó jẹ́ iná kékeré lára òmíràn. Nítorí náà, mi ò gba àwọ̀ gbọ́. Tẹ́sítà ni mo gbà gbọ́.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí. Mo á dá orí bátìrì padà, mo á fi ẹnu dúdú mítà, ìyẹn tẹ́sítà tó ń ka fóòtì, kan irin tó mọ́ lára férémù, mo á yí kọ́kọ́rọ́, mo á wá fi ẹnu pupa tọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tó bá ti ní fóòtì 12 láìjẹ́ pé mo tẹ ohunkóhun, iná kékeré ni. Èyí tó jẹ́ òfo, tó wá fò sí 12 bí mo ṣe fa bíréèkì ọwọ́, òun ni bíréèkì. Tí mo bá ti mọ méjèèjì, mo á pa kọ́kọ́rọ́. Máṣíìnì tó ti pẹ́, mi ò kì í fi mítà nìkan dá a lẹ́jọ́. Wáyà tí ìpẹtà ti jẹ nínú, tó ku fọ́nrán kan ṣoṣo tó so mọ́ra, mítà á ṣì sọ pé 12 wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fi tẹ́sítà oní-gílóòbù wò ó, gílóòbù á kọ̀ kò ní tàn dáadáa, torí pé òun ń béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ wáyà náà, mítà kàn ń yọjú wò ó lásán.

Bí máṣíìnì bá jẹ́ kékeré, ohun kan tún wà láti yẹ̀ wò. Lára àwọn kan, iná tó ń lọ sí iwájú àti iná kékeré ẹ̀yìn kò ti inú bátìrì wá. Tààrà láti ara kọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ti ń bọ̀, ó sì jẹ́ AC, èyí tó ń lọ tó ń bọ̀. Gílóòbù kò bìkítà, bó lọ bó bọ̀, gbígbóná ló mọ̀. LED bìkítà gidi gan-an: ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń gbà jẹ́ kí iná kọjá. Á máa ṣẹ́jú pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá rọra ń dún, èyí tí wọn ò bá fi ààbò sínú rẹ̀ sì lè kú pátápátá. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ fi mítà sí DC, ìyẹn iná tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo bíi ti bátìrì. Bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ nǹkan kan, tí ẹ wá gbé e sí AC tó fò sókè, ọ̀rọ̀ ti yé yín nìyẹn. Ojútùú rẹ̀ ni pé kí ẹ wá wáyà tó ń gba DC láti ọ̀dọ̀ bátìrì nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní títàn, kí ẹ fa iná kékeré LED láti ibẹ̀ pẹ̀lú fíùsì kékeré láàárín. Díẹ̀ ni LED ń jẹ, bátìrì kò ní mọ̀ ọ́n lára.

Ọ̀rọ̀ síso wáyà pọ̀ ló máa ń fa àríyànjiyàn láàárín èmi àti àwọn tó kéré sí mi. Àbúrò mi kan gbé máṣíìnì rẹ̀ wá, ó ti bó wáyà méjèèjì, ó ti ń lọ́ wọn mọ́ra. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé téèpù ò tó ni?” Mi ò dá a lóhùn. Mo kàn mú ibì kan tí ẹni tó ni máṣíìnì náà tẹ́lẹ̀ ti fi téèpù so nísàlẹ̀ àga, mo ní kó tú u fúnra rẹ̀. Téèpù náà kò ṣí bí téèpù mọ́, ó ń fà bí ọ̀dà. Nígbà tó dé inú rẹ̀, bàbà wáyà ti di àwọ̀ ewé, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ń já bọ́ sí i lórí èékánná. Ó fà á díẹ̀, ó já. Ó dákẹ́, ó lọ mú píláyà.

Ibi tí taya ń fọ́n omi àti ẹrẹ̀ sí nígbà gbogbo ni ìdí alùpùpù, kò sí téèpù tó máa bá a dọ́rẹ̀ẹ́. Bí iná tuntun bá ní ẹnu tó wọ ẹnu tó bá máṣíìnì wá, ẹ dúpẹ́, ẹ tì í bọ inú rẹ̀ kí ẹ máa lọ, kò sí wáyà tí ẹ máa gé. Bí kò bá ní, ẹ lo ìsopọ̀ onírin tí wọ́n ń fi píláyà rẹ̀ tẹ̀, tàbí kí ẹ fi òjé jó o, kí ẹ wá fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń súnkì bò ó. Ẹ rántí ti rọ́bà náà bọ wáyà kí ẹ tó so ó. Àwọn kílíìpù búlúù kéékèèké tó ń bu wáyà jẹ láti ẹ̀gbẹ́, ẹ jìnnà sí wọn. Wọ́n ń gé lára fọ́nrán wáyà, wọ́n sì ń ṣílẹ̀kùn fún omi. Kí ẹ tó de gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ jókòó sórí máṣíìnì kí ẹ fi ara tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ dáadáa, kí ẹlòmíràn máa wo abẹ́ mọ́gáàdì. Wáyà tó jìnnà sí taya nígbà tí máṣíìnì dúró lè kàn án nígbà tí ẹni méjì bá jókòó tí ẹ bá bọ́ sínú kòtò.

Áàtì ni kẹ́ ẹ má fi tàfàlà. Mọ́gáàdì púpọ̀ jẹ́ rọ́bà, nítorí náà bóòtì tó di iná mú kò lè ṣe áàtì. Ẹ so wáyà rẹ̀ mọ́ áàtì tó bá máṣíìnì wá. Bí ẹ bá parí tí ẹ rí i pé iná ń tàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí kò yẹ kó ti tàn, bíi kí iná ẹ̀yìn máa ṣẹ́jú bá tràfíkétọ̀, áàtì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Bí ẹ bá sọ tràfíkétọ̀ náà di LED, fílásà àtijọ́, èyí tó ń mú un ṣẹ́jú, máa dàrú: òmíràn á máa ṣẹ́jú wàràwàrà, òmíràn á tàn á dúró síbẹ̀. Ìwọ̀n iná tí gílóòbù ń jẹ ló fi ń mọ ìgbà tó yẹ kó tàn àti ìgbà tó yẹ kó kú, LED kò sì jẹ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ra fílásà tí wọ́n ṣe fún LED. Àwọn kan á ní kí ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ ohm 6, èyí tó ń jẹ iná bíi ti gílóòbù, kún un. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ní fóòtì 14 ó ń sọ ohun tó ju wáàtì 30 di ooru lásán, ó sì lè yọ́ rọ́bà tó bá kàn. Bó bá sì jẹ́ pé iná kan ṣoṣo ló wà níwájú yín tó ń sọ pé tràfíkétọ̀ ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀tún àti òsì, ó ṣeé ṣe kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ṣẹ́jú pọ̀, dáyóòdù méjì, ẹ̀yà kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo kọjá, ló máa yanjú rẹ̀.

Ẹni tí kò fẹ́ ṣe gbogbo wàhálà yìí lè kàn ra gílóòbù LED tó wọ ihò gílóòbù àtijọ́. Kó ra pupa, kó má ra funfun, torí pé ojú iná pupa á sé púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ funfun mọ́. Kó sì wò ó láti ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú, torí ilé iná yẹn, gílóòbù onókùn ni wọ́n ṣe é fún, ìmọ́lẹ̀ LED lè má tàn ká inú rẹ̀.

Dídánwò ni mo kà sí pàtàkì jù, ọ̀sán ni mo sì máa ń ṣe é, kí oòrùn máa tàn sí ojú iná náà gan-an, torí alẹ́ máa ń jẹ́ kí gbogbo iná dára. Mo á ní kí ẹnì kan jókòó sórí máṣíìnì, èmi á rìn lọ sẹ́yìn. Mo á ní kó fa bíréèkì ọwọ́ kó fi sílẹ̀, kó tẹ ti ẹsẹ̀ kó fi sílẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí súìṣì tiwọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Mo á lọ sí apá ọ̀tún, mo á lọ sí apá òsì. Bí ti ẹsẹ̀ bá ń pẹ́ kó tó tàn, nọ́ọ̀tì kan wà lára súìṣì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́dà. Ẹ di ara súìṣì mú ṣinṣin kó má yí, nọ́ọ̀tì nìkan ni kí ẹ yí. Iná gbọ́dọ̀ tàn kí bíréèkì tó bẹ̀rẹ̀ sí í di taya mú. Kí ni àǹfààní iná tó yára tó LED bí súìṣì bá ń fà á sẹ́yìn?

Bó ti wù kí iná náà dáa tó, kò mọ̀ nígbà tí ẹ bá ń fi gíà dín eré kù. Ẹ jáwọ́ lára tọ́tù, ẹ sọ gíà kalẹ̀, máṣíìnì á fà sẹ́yìn gidi, iná bíréèkì kò sì ní tàn rárá, torí ẹ ò fọwọ́ kan bíréèkì. Lára máṣíìnì tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára, ìdínkù eré yẹn lè pọ̀ tó ti ẹni tó tẹ bíréèkì ní pẹ̀lẹ́. Nítorí náà ìka méjì mi máa ń wà lórí bíréèkì ọwọ́. Kí n tó sọ gíà kalẹ̀, mo á fà á díẹ̀, ìwọ̀n tí súìṣì á fi gbọ́ tí taya kò sì ní mọ̀, mo á wá wo dígí bóyá ẹni tó ń bọ̀ ti ń dín eré tirẹ̀ náà kù. Bí kò bá dín in kù, mo á tún fà á lẹ́ẹ̀kan sí i.